Ọta Tínńtín Ọdẹ́bùnmi

Ẹ̀rín pa Olúọdẹ nígbà tó rí ọta tínńtín tí Ọdẹ́bùnmi fi irin líle rọ, torí ẹfọ̀n tó ń ba oko ìlú jẹ́. Òjé ni ọta ti Olúọdẹ, ó tóbi bí ekùrọ́.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé òkété là ń lọ pa ni?"

"Kékeré labẹ́rẹ́, Baba, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Àwọn méjèèjì yìnbọn pọ̀, ẹfọ̀n ṣubú. Olúọdẹ na ọwọ́ sí ìrù, ẹ̀tọ́ ẹni tó bá pa á.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ jẹ́ ká la àyà ẹran ná."

Wọ́n là á. Òjé ti tẹ́ pẹrẹsẹ sára eegun èjìká, kò wọlé. Irin tínńtín ló wà nínú ọkàn.

Ọdẹ́bùnmi gé ìrù, ó gbé e kọ́ èjìká. "Baba, ẹ tún rẹ́rìn-ín kí n gbọ́."