Ibi tí Owó Olóyè Ò Dé

Olóyè Ajíbówú, tó ní òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, sọ fún Fọlárìn tó ń rán bàtà, tó ń fẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀, pé, "Lọ́jọ́ Falentáìnì, mú ọmọ mi lọ síbi tí owó mi ò lè dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má tẹ ilé mi mọ́." Ẹ̀kọ mẹ́fà péré lowó ọwọ́ Fọlárìn ká. Ó rà á, ó gbé Mọ́rẹ́nikẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di abúlé, lọ́dọ̀ ìyá ìyá ọmọbìnrin náà, tó ń bá Olóyè yodì, tó sì ń dá owó rẹ̀ padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá ọmọ náà. Màmá ro ẹ̀fọ́ sí ẹ̀kọ náà, ó sì ki ọmọ ọmọ rẹ̀ lóríkì títí ohùn fi há a. Nígbà tí wọ́n padà délé, Olóyè ní, "Níbo lẹ lọ?" Fọlárìn dọ̀bálẹ̀, ó gbé abọ́ kan kalẹ̀. "Ìyá ìyàwó yín ní ká gbé tiyín bọ̀, sà." Olóyè ṣí abọ́ náà, ó bọ́ fìlà, ó ní kí wọ́n bu omi ìfọwọ́ wá.