Ìdọ̀bálẹ̀ Kan ní Títì Káírò

Kí ẹ tó lé ayálégbé yín jáde nítorí pé kì í kí yín, Ìyá Oyèládùn, ẹ gbọ́ èyí ná.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlá, télọ̀ ni. Nígbà tí ó wà nílé, ẹ̀yìnkùlé ni ó máa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí bí ó bá gba ojú títì, ìkíni kò ní jẹ́ kí ó tètè débẹ̀. Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó ní ó ti sú òun. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ gbé e dé Káírò.

Títì ibẹ̀ kì í sinmi. Ọkọ̀ ń fọn fèrè láìnídìí, àwọn tó ń polówó ọjà ń figbe ta, oníbúrẹ́dì gbé pákó búrẹ́dì rù lórí kẹ̀kẹ́, ó ń fi agogo la ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin yìí wò ó títí ó fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo ayé ń pariwo, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àárò ilé ń sọ ọ́ gidigidi. Kí ẹnìkan ṣáà sọ pé ẹ kú iṣẹ́ ni ó ń wá. Ó ti di ẹrù rẹ̀ tán láti padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tó fi ojú àti irùngbọ̀n jọ bàbá rẹ̀ tó ti kú. Kò mọ ìgbà tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ni ó wí.

Títì bá dàrú. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ ọ tó fi ṣubú. Oníbúrẹ́dì ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, obìnrin kan da omi lé e lórí, ẹlòmíràn ń bọ́ bàtà rẹ̀. Bàbá náà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sọ ohun tí kò yé e. Wọ́n fún un ní tíì. Ó fẹ́ ṣàlàyé, kò gbọ́ èdè wọn, ló bá bú sẹ́kún. Wọ́n ṣebí ara ló ń ro ó, wọ́n tún fi ṣúgà kún tíì náà.

Lọ́jọ́ kejì, oníbúrẹ́dì dé iwájú ilé rẹ̀, ó lu agogo, ó sì fi orí kí i. Ìgbà náà ni ó rántí pé láti ìgbà tí òun ti dé ni agogo yẹn ti ń dún bẹ́ẹ̀, bí òun bá ti ṣílẹ̀kùn. Ó ti kà á mọ́ ariwo. Àárò ilé kò tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tú ẹrù rẹ̀.

Ìyá Oyèládùn, ẹ ní ayálégbé yín, ọmọ Tógò yẹn, kì í dọ̀bálẹ̀, ẹ ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Òun náà fi ìyá sílẹ̀ wá síbí, ariwo tiwa sì ń dún sí i létí láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni ẹ rò pé ó ń gbá ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó jí? Ìkíni tí ó mọ̀ nìyẹn. Ó ti ń kí yín láti ọjọ́ tó ti dé, ẹ̀yin ni ẹ kò tíì dá a lóhùn.