Bàbá Tí Kò Kì Ọmọ Rẹ̀ Mọ́

Ọkùnrin kan wà tí ó ń mọ ilé alámọ̀ fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un. Láràárọ̀, bí ọmọ náà bá ti kúnlẹ̀ kí i, bàbá a gbé ọwọ́ lé e lórí, a sì kì í pé, "Àyọ̀ká, ọmọ atẹlẹ̀-má-yọ̀." Orí ọmọ náà a wú.

Nígbà tí ó di wúńdíá, ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní èjìká rẹ̀. Bàbá tu ú, ó tún hù. Ìyá ọmọ ní, "Baálé mi, ṣé adìyẹ ọdún ni ọmọ yìí, tí ẹ fi ń tu ú?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹni tí ó bá ní ìyẹ́ yóò fò lọ. Ó wá ń mú ọkàn kúrò lára ọmọ náà díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà dùn ún jù lọ́jọ́ tí yóò lọ. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀, yóò kàn ní, "O káàárọ̀." Ó tán. Ó ní oríkì ìdílé àwọn kò mẹ́nu ba ẹyẹ.

Nígbà tí ó pẹ́, ọmọ náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní òun ń lọ.

Bàbá sáré tọ ìyá rẹ̀ arúgbó lọ níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gúsí. "Màmá, ẹ bá mi bá a wí. Ìdílé wa ha ti ṣe irú èyí rí?"

Arúgbó ní, "Jókòó. Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi, ìpẹ́ ẹja ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú odò ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ hù lára rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti pa ẹnu mọ́ sí i, kò kì í mọ́."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?"

"Èyí tí ìwọ náà fi ń rìn yìí. 'Ọmọ alómi-jíjìn' nìkan ni wọ́n fi ń kì ìdílé yín nígbà náà. Èmi ni mo fi 'atẹlẹ̀-má-yọ̀' kún un, nígbà tí ọkọ mi ń kọ́ ìrìn, tí ó ń ṣubú. Kò padà sí odò náà títí ó fi kú. Ta ni ì bá kì í níbẹ̀?"

Bàbá dìde. Ó bá ọmọ rẹ̀ ní àgbàlá. Ó fọwọ́ kan ìyẹ́ náà, kò fà á.

"Àyọ̀ká," ni ó wí. "Ọmọ alómi-jíjìn. Ọmọ atẹlẹ̀-má-yọ̀." Ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Ọmọ abáfẹ́fẹ́-ṣeré."

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. "Bàbá mi, ẹ tún kì mí bẹ́ẹ̀."

Ó tún un kì. Ọmọ gbé ẹrù kalẹ̀, ó fò, ó ga ju àwọn òrùlé lọ. Bàbá ń wò ó láti ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ balẹ̀ sí ẹ̀yìn ààrò, ó ní ebi ń pa òun.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, ìyẹ́ lè má hù lára ọmọ tìrẹ. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ìran yín kò ṣe rí ni ó yàn, tàbí ọkọ láti ìlú tí o kò mọ̀. Ìbẹ̀rù pé yóò lọ ni o fi ń dá a lóhùn ṣókí. Yóò kúkú lọ. Pè é lónìí, kí o sì wá ọ̀rọ̀ tuntun fi kún oríkì rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò padà sí.