Ìpà Tí Mo Ṣí Nínú Igbó Àìrìntán

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹtu àti ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ wá nítorí ẹmu. Ẹ kú ọ̀sán. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó sáré lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní ìdajì. Èmi ni Ọdẹ́kúnlé, ọmọ Ọdẹ́tẹ̀dó, ọmọ-ọmọ Akíntúnlé tó pa ẹfọ̀n méjì lóòjọ́ tó sì ní òun ò tíì jẹun àárọ̀, ọmọ a-dúró-gbọin-bí-ẹranko-bá-bú, ọmọ a-fi-awọ-ẹkùn-tẹ́-ẹní-fún-àlejò. Mo ti pa àgbọ̀nrín, mo ti pa ìmàdò, mo ti pa èyí tí mo sọ fún yín àti èyí tí n kò sọ. Ẹsẹ̀ òsì tí mo ń fà yìí, pàkúté tí mo dẹ fúnra mi ló mú un, n kì í sì í tijú láti sọ ọ́, nítorí pàkúté tí kò lè mú ọdẹ kò lè mú ẹran.

Igbó tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ lónìí kò ní ewé tí ọwọ́ lè já, kò sì ní ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Géèmù ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní ìgboro. Ọdẹ́bùnmi ọmọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá igbó náà, ó sì sọ ọ́ ní Igbó Àìrìntán. Mo wọ ibẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ ṣí ìpà ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi yìí sì kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tí kì í ṣe ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, a óò kó ohun ọdẹ rẹ̀ lọ sí ìdí igi nínú igbó, a óò gbé wọn kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a óò pe orúkọ rẹ̀, a óò sì sọ fún un pé ẹgbẹ́ ti tú u sílẹ̀, kó máa lọ. Bí a kò bá ṣe é, yóò máa tọ ipasẹ̀ wa kiri ni, kò ní sinmi. Olúọdẹ Ògúnsíjì, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àpótí yẹn, mo wá bá yín ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Bùnmi kú. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní, "Ọdẹ́kúnlé, ìpà ọdẹ ni à ń ṣí, a kì í ṣí ìpà akọ̀wé." Ẹ kò sọ ọ́ tìkàtìkà, mo mọ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn yín wá ní kí n mú un mọ́ra, pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, n kò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Láti ìgbà tó ti lè dúró, ojú fèrèsé ló máa ń wà láàárọ̀ tí mo bá ti igbó dé. Kì í béèrè ẹran. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Bàbá, kí lẹ rí?" Bí mo bá pa ẹran, òótọ́ ni mo máa ń sọ, kì í sì í gùn. Bí mo bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni irọ́ máa ń dùn lẹ́nu mi. Mo ní mo pàdé Afẹ̀yìnrìn tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, mo ní mo bá Elétí-Ìgbálẹ̀ jìjàkadì, mo ní Ìyá Olójú-Mẹ́sàn-án ló gba ẹran lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà a gbà á gbọ́ látòkèdélẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ní kí n mú òun dání. Mo ní igbó kì í ṣe ibi obìnrin. Ó ní kí n jẹ́ kí òun di ìbọn mú lásán, mo sì gbé ìbọn kúrò kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Lọ́dún náà la ṣí ìpà bàbá mi. Bùnmi bi mí léèrè gbogbo bí a ṣe ń ṣe é, ohun tí a kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, ohun tí a ń gbé kalẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, èmi ni n óò ṣí ìpà tiyín." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ ọkùnrin ní í ṣí ìpà bàbá rẹ̀. Lọ bá ìyá rẹ ní ìdí ààrò." Ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún bi mí léèrè ohunkóhun nípa igbó mọ́.

Ó kàwé, ó lọ sí Ìbàdàn, ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún tó kọjá ló wálé tó ní òun ń dá igbó kan. Mo rò pé oko ló ń sọ, mo ní kó ra àdá tó mú. Òun àti ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn nìyẹn. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ sì mọ àṣà wa pé bàbá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àwọn àbúrò mi ló sin ín, wọn kò sọ ibẹ̀ fún mi, n kò sì béèrè. N kò ní ibì kan tí mo lè lọ dúró sí kí n sọ pé ibí ni ọmọ mi wà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Ìbídùn, ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni Bùnmi ń ṣe eléyìí fún. Ó parí rẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ó fẹ́ gbé e wá fúnra rẹ̀ nígbà ọdún." Ó fi bọ́tìnnì hàn mí, èyí fún iwájú, èyí fún ẹ̀yìn, èyí fún fífò. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀rọ̀ kan sójú, ìwé mẹ́fà tí mo kà sì tó mi í kà á: Kí ni orúkọ ọdẹ? Lẹ́yìn rẹ̀, àyè òfìfo. Ọ̀rọ̀ tí Olúọdẹ sọ ṣì ń ta mí lára. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní, "Kọ Ọdẹ́bùnmi sí i. Òun ni ọdẹ." Ìbídùn wò mí, ó sì kọ ọ́.

Ẹ̀yin ará, mo rí igbó. Àwọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, dúdú, àwọ̀ ewé, àwọ̀ osùn àti funfun, gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló sì ní igun mẹ́rin, igi, òkúta, òṣùpá pàápàá, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé aṣọ òfì sún mọ́ ojú. Ìbídùn ní bí géèmù ayé àtijọ́ ṣe ń rí nìyẹn, Bùnmi ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdẹ inú rẹ̀ kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ó ń tiro, kò sì ní ìbọn. Mo bínú. Mo ní ọdẹ wo la ń rán sígbó láìní ìbọn, ta ló sì dá ọdẹ tó ń tiro? Ẹfúnyẹmí ìyàwó mi wo ọdẹ náà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì wọ yàrá lọ.

Mo ń lọ, mo ń fò láti orí ẹ̀ka dé orí òkúta, mo já sí kòtò ẹlẹ́gùn-ún, mo kú. Mo ṣẹ́jú báyìí, mo tún ti jí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ènìyàn ti ń jí níbẹ̀. Fèrèsé kan ló wà káàkiri igbó náà, tí iná ń jó nínú rẹ̀, tí orí ọmọdébìnrin kan sì yọ. Bí o bá dúró síbẹ̀, yóò kọ ọ́ sójú pé, Kí lẹ rí? Láti ìgbà náà, bí o bá kú níwájú, fèrèsé yẹn ni wàá ti jí. Mo kú ní igba ìgbà, mo jí ní igba ìgbà, ọmọ náà sì ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo rò pé eré ìgbà èwe rẹ̀ ló kàn ń ṣe. Mo sì ń rò ó pé ì bá ti dára tó ká ní bí ibà ọjọ́ mẹ́rin ṣe máa ń rí nìyẹn.

Àwọn wo ni n kò bá pàdé nínú igbó yẹn? Mo pàdé Elétí-Ìgbálẹ̀ tó ń fi etí gbálẹ̀ lọ gbálẹ̀ bọ̀ láìdúró, mo pàdé Ajẹ̀gúnmáṣu tó wú bí àgbá, mo pàdé Onírùngbọ̀n-Ewé tí àwọn ẹyẹ ń sùn sí ní àgbọ̀n, mo pàdé Ìyá Olójú-Mẹ́sàn-án tí ọ̀kan ń sùn tí mẹ́jọ ń ṣọ́. Mo mọ gbogbo wọn, nítorí irọ́ mi ni wọ́n. Gbogbo àárọ̀ tí mo bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni ọmọ yìí kó pamọ́, kò sọ ẹyọ kan nù. Afẹ̀yìnrìn dúró lórí afárá, ó kọ ọ̀rọ̀ sí mi pé, Ìwọ aláìníbọn yìí, ara rẹ kò tó mi í fi ra ẹnu. Èmi náà là á mọ́lẹ̀ fún un nínú pálọ̀ mi. Mo ní, "Afẹ̀yìnrìn, ẹnu mi lo ti jáde. Bí kì í bá ṣe pé ẹran kò yọ lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá bí ọ?" Àwọn tó ń kọjá lójú pópó ní orí Ọdẹ́kúnlé ti yí. Mo fò lé e lórí, mo sì kọjá.

Ẹ ń bi mí pé kí ló wá dùn níbẹ̀. Ohun tó dùn ni pé igbó náà kéré. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè fi wákàtí kan là á já, kò ní fi ọjọ́ ayé ènìyàn ṣòfò. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni ó ní ohun tí o kò ì tíì lè ṣe. Ògiri kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi kò tó o. Mo rìn jìnnà, mo rí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, mo sì rántí ògiri náà, mo padà lọ gùn ún. Mo rí bàtà Ọ̀kẹ́rẹ́ tí a fi ń fò lẹ́ẹ̀mejì lójú òfuurufú. Mo rí fìtílà, mo sì padà wọ ihò dúdú tó lé mi jáde láàárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọdẹ kì í mọ igbó lọ́jọ́ kan, ìgbà tó bá padà ló ń mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ ọmọ yìí? N kò mú un dé ibẹ̀ rí.

Báyìí ni mo fi dé ìdí ìrókò. Níbẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta, àti ọ̀rọ̀ kan: Ẹ gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. Ìpà ni. Igbó Ògògó tiwa ti di oko pákí, igi tí a ti ṣí ìpà bàbá mi ti di pákó, ọmọ mi sì ti gbin òmíràn síbi tí ayùn kò lè dé. Bí mo bá gbé bàtà kalẹ̀, n kò ní lè fò padà. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, Bùnmi ti lọ nìyẹn. N kò ṣe é. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn, mo ń rin ọdẹ kékeré náà lọ sí fèrèsé, mo ń mú un bọ̀, kí n ṣáà máa ka Kí lẹ rí. Ẹfúnyẹmí ló wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Bàbá Bùnmi, ó ti rẹ ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Mo wọ gbérí ọdẹ mi lọ́sàn-án gangan, mo jókòó. Mo gbé bàtà kalẹ̀. Mo gbé igbà kalẹ̀. Mo gbé fìtílà kalẹ̀, gbogbo igbó sì ṣókùnkùn, ó ku ọ̀rọ̀ funfun nìkan:

Ọdẹ́bùnmi, ẹ kú iṣẹ́ o.
Ẹgbẹ́ ti tú yín sílẹ̀. Ẹ má wẹ̀yìn mọ́.
Ọmọ yín obìnrin ló ṣí ìpà yín.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ta ni ń pe Bùnmi ní ẹ? Èmi ni mo bí i, n kì í pè é ní ẹ. Ọmọ wo ni Bùnmi bí? Mo yíjú sí Ẹfúnyẹmí, ó ti ń sunkún tipẹ́. Ìgbà náà ni mo rántí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo lé lọ sí ìdí ààrò. Mo wá mọ ọdẹ tó ń tiro. Mo mọ ẹni tí ọmọ ojú fèrèsé ń bi léèrè. Àyè òfìfo yẹn, orúkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún, kí n máa ta géèmù náà nígbà ayé mi, kó sì fi ṣí ìpà mi nígbà tí mo bá lọ. Kò fún ọdẹ rẹ̀ ní ìbọn nítorí pé n kò jẹ́ kó mọ bí ìbọn ṣe ń wúwo lọ́wọ́. Ọmọ mi pèsè ìpà bàbá rẹ̀ sílẹ̀, bàbá sì fi í ṣe ìpà ọmọ. Mo sunkún, Ọdẹ́kúnlé ọmọ Ọdẹ́tẹ̀dó, mo sunkún nínú aṣọ ọdẹ, ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín kó ṣe é.

Mo ti bọ̀ láti Igbó Àìrìntán, mo rìn ín tán, ẹran tí mo pa níbẹ̀ nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á jẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń béèrè ọ̀nà igbó, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kó mú un dání. Kó má sọ pé ó di ọ̀la. Ọmọ tí a kò mú dání yóò lọ dá igbó tirẹ̀, a ó sì débẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò.

Olúọdẹ, ọ̀rọ̀ mi kù kan, ẹ̀yin ni mo sì fi í lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ má gbé ohun ọdẹ mi lọ sí oko pákí. Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Yóò bi yín léèrè orúkọ ọdẹ, kí ẹ kọ Ọdẹ́kúnlé sí i. Ẹ ó kú níbẹ̀ ní igba ìgbà, ojú fèrèsé rẹ̀ ni ẹ ó sì ti máa jí. Bí ẹ bá dé ìdí ìrókò, ẹ gbé bàtà kalẹ̀, ẹ gbé igbà, ẹ gbé fìtílà, kí ẹ sì ka ohun tí ó kọ síbẹ̀ sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ kà á dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Ọdẹ́kúnlé kò bímọ.