Ọ̀yà Tó Sọgbà Yí Ìta Gbogbo Ẹranko Ká

Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó já lu Ọ̀yà, ó já lu Ẹtu àti ọmọ rẹ̀ tó yarọ.

Láyé ijọ́un, àwọn ẹranko ní ìta kan láàárín ọ̀dàn. Gbogbo wọn ló ń gbá a, koríko kì í hù níbẹ̀. Bí iná ọ̀dàn bá dé lásìkò ọyẹ́, ibẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń sá sí, nítorí iná kì í jó ilẹ̀ gbígbá. Ọmọ Ẹtu kò lè sáré débòmíràn. Ìta yìí ni ẹ̀mí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀yà ri pèrègún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta. Ó ní, "Ààlà baba mi nìyẹn." Ó tún ri òmíràn síwájú. Ó tún rì í. Kí òjò tó dá, ó ti sọgbà yí gbogbo ìta ká, koríko bo ibẹ̀ ṣìkìtì, Ọ̀yà ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù.

Ẹtu lọ bá àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin baba, ẹ ò rí i ni?"

Ẹfọ̀n wúkọ́. "A kì í fa pèrègún tu, ìyá ọmọ. Ààlà ni."

"Ààlà tí wọ́n rì lánàá?"

Wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ti jẹ nínú koríko náà. Ẹtu kọjú sí ọgbà, ó forin bú Ọ̀yà:

Ọ̀yà, ta ló nilẹ̀?
*Ilẹ̀ gbogbo wa ni!*
Ta ló ri pèrègún?
*Ilẹ̀ gbogbo wa ni!*
Ọmọ mi ò lẹ́sẹ̀ eré.
*Ilẹ̀ gbogbo wa ni!*

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. "Ìyá arọ, kọrin títí ọ̀fun rẹ yóò fi ya. Ṣé orin ń wó ọgbà ni?"

Ẹtu fi ìwo hú pèrègún kan, fàtu! Ó wọlé, ó ń fi pátákò ha koríko. Ọ̀yà bú u, Ẹtu kò yẹsẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń ha á, tó ń kọrin. Ibi tó mọ́ kò fẹ̀ ju ẹní mélòó kan lọ nígbà tí iná dé, bùlàbùlà!

Gbogbo ẹranko rọ́ síbẹ̀, wọ́n há mọ́ra gádígádí. Ẹfọ̀n náà dé, ojú ń tì í. Ọ̀yà ló dé kẹ́yìn, irun rẹ̀ ń rú èéfín.

"Ìyá Ẹtu mi àtàtà, ẹ dákun, ẹ sún fún mi!"

Ẹtu wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Wọlé, olè. Ilẹ̀ gbogbo wa ni, kò yọ ìwọ náà sílẹ̀."

Nígbà tí iná kú, wọ́n hú gbogbo pèrègún, wọ́n lé Ọ̀yà sínú koríko tó fẹ́ràn. Láti ọjọ́ náà ni irun rẹ̀ ti rí ṣágiṣàgi bí ohun tí iná wì. Bí ọdẹ bá sì ti iná bọ̀dàn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dènà dè.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí balẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá firọ́ kún un, kí iná ọ̀dàn jó mi nírùngbọ̀n.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹ má sì gbàgbé àwọn àgbà tó dákẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.