Ẹni Tó Ń Ba Aró Àwẹ̀ró Jẹ́

Ìrora-Kò-Lápàá, awo tí kì í kánjú dáhùn, ló dífá fún Àwẹ̀ró aláró, ní ọjọ́ tí gbogbo aró tó bá ti pò ń bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ọ̀rọ̀ aró ni Àwẹ̀ró bá lọ o. Kò mẹ́nu ba ọkọ rárá. Àmọ́ Ifá ní ẹni tó ń ba aró náà jẹ́ kò jìnnà, inú ilé ló ń sùn. Ni Àwẹ̀ró bá bú sẹ́kún. Ó ní Lánípẹ̀kun, ọkọ òun, ni. Bí inú bá ti bí i, omi ni yóò dà sínú ìkòkò aró. Ó lè lo oṣù kan gbáko kí ó má bá òun sọ̀rọ̀. Ọkọ náà sì ti ní bí òun Àwẹ̀ró bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé baba òun, kí òun má padà wá mọ́.

“Ṣùgbọ́n kò nà mí rí o, Bàbá.”

Awo ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń na ènìyàn?”

Ó ní kí ó rúbọ: adìyẹ kan, obì mẹ́rin, àti aṣọ funfun kan. Ilé baba rẹ̀ ni kí ó ti rú u. Gbogbo ẹni tó bá fi orí kan ẹbọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀ láti ẹnu Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀. Háà! Ibi tí ọkọ ní kò gbọdọ̀ dé gan-an ni Ifá rán an lọ. Ẹ̀rù bà á. Ó sì lọ.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí baba rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi orí kan ẹbọ. Ó bi í pé, “Ṣé ọkọ rẹ nà ọ́ ni?”

Rárá ló fẹ́ wí. Ó rántí ọ̀rọ̀ awo, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ìyá àgbà káwọ́ lérí. “Yéè! Àwa sì ń sọ pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kí o máa wá kí wa! Ọmọ mi, o ò ní padà síbẹ̀ mọ́.”

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ ru àwọn ìkòkò rẹ̀ wálé. Lánípẹ̀kun tẹ̀ lé wọn wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò kúkú fọwọ́ kàn án rí.

Ìyá àgbà ní, “Ta ló bi ọ́ léèrè ọwọ́?” Lánípẹ̀kun nìkan ló padà lọ.

Àwẹ̀ró po aró tuntun. Ẹnikẹ́ni kò da omi sí i. Ó pa aṣọ funfun ẹbọ láró, ó yọ dúdú minimini. Ó ró o, ó ń jó, ó ń yin awo rẹ̀. Ara tù ú, inú ilé baba rẹ̀ sì dùn.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró rúbọ, ó rú u. Wọ́n ní kí ó sọ, ó sọ ọ́, ìyà sì tán. Ìwọ tí o ń tún un wí nínú ara rẹ pé kò kúkú nà mí, ta ló ń ba aró tìẹ jẹ́?