Aṣòfin Tó Kọ́kọ́ Gbé Àga Sílẹ̀

Aṣòfin kan wà tó lo ọdún mẹ́rìnlélógún nílé ìgbìmọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ́, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọkọ́. Kò fẹ́ràn ohun tuntun rárá. Bí wọ́n bá gbé òfin tuntun dé, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Kí ni èyí tó wà nílẹ̀ ṣe fún yín?" Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ó tó wọ ọ̀run, yóò bèèrè bóyá bàbá òun ti débẹ̀ rí.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀ láti ta igbó tí odò ìlú ti ń ṣàn wá. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Ó wá pinnu láti lọ sí ẹgbẹ́ alátùpà, àwọn alátakò tí àmì tiwọn jẹ́ àtùpà.

O mọ bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ wọ́n ń búra fún ọkọ́, nírọ̀lẹ́ wọ́n ti gbé àtùpà, àga ṣì wà lábẹ́ ìdí wọn gbọin. Ọkùnrin yìí kọ̀wé, ó gbé àga sílẹ̀. Ó ní ọkọ́ ni wọ́n dìbò fún, kì í ṣe òun. Ó fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo àdúgbò tó ti tọrọ ìbò rí, ó ń dágbére. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Kì í ṣe nítorí àga, bí kò ṣe nítorí orúkọ náà, ọ̀dàlẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún.

Ilé Ìyá Mosúnmọ́lá, olórí àwọn obìnrin ọlọ́kọ́, ló nira jù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá náà ní kó dìde.

"Ọnọrébù, ẹ̀yin lẹ fi ọkọ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Mi ò ní sọ ọ́ nù nítorí yín."

Ọjọ́ ìbò tí wọ́n fẹ́ fi yan ẹni tí yóò gba àga náà dé, òun náà sì jáde du ipò lábẹ́ àtùpà. Gbangba ni wọ́n ti ń dìbò nílùú yẹn: ẹni tó ń du ipò á dúró, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn á sì ka iye wọn. Ìyá Mosúnmọ́lá ló ṣíwájú ìlà ọlọ́kọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ju aṣòfin náà lọ.

Àwọn ọlọ́kọ́ bẹ́ sí ijó. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ọ̀dàlẹ̀!"

Ìyá náà yíjú padà. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Ta ló dalẹ̀? Ẹni tó wá bá mi nílé, tó sọ ọ́ lójú mi? Mo dìbò lòdì sí i o, àmọ́ mi ò ní parọ́ mọ́ ọn."

Ijó dúró. Háà! Mo ti dàgbà, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí: àwọn tó borí ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé.

Ìwọ ńkọ́, àbúrò mi? O ní o ń fi ẹgbẹ́ akọrin wa sílẹ̀ lọ sí ìjọ mìíràn. Mi ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé lo fẹ́ gbà, kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin sì wà lápò rẹ. Dìde, lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá akọrin lọ́sàn-án gangan. Bí yóò bá bínú, jẹ́ kó bínú lójú rẹ.